Ṣé ó yẹ ká gbé iwájú Hilux sókè kó lè bá ẹ̀yìn dọ́gba?

Sátidé tó kọjá, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi àgbà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Challenge, n'Íbàdàn níbí. Hilux 2012 ni bọ̀ọ̀dá mi fi ń kó oúnjẹ adìyẹ lọ sí Ìdí-Ayùnrẹ́ títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Owó tí mọ́tò yẹn ń pa náà ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Wọ́n ní mọ́tò àwọn ń dorí kodò bí ewúrẹ́ tó ń jẹko, àwọn fẹ́ kí iwájú rẹ̀ ga kó bá ẹ̀yìn dọ́gba. Mẹkáníìkì ní kò le rárá: irin roboto kan tí wọ́n ń pè ní sípésà lòun máa kì sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú, iwájú á sì fi 5 cm ga sí i. Èmi ní ká má ṣe é. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni tí ìwé ti kà lórí jù. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé.

Àkọ́kọ́, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ò ṣèèṣì. Ẹ̀yìn ni ẹrù máa ń wà, torí náà wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yìn ga kó lè rí àyè wálẹ̀. Ìsọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ò jìnnà, la bá lọ dán an wò. Mo fi téèpù wọn ọkọ̀ náà lófìfo: ẹ̀yìn fi 6 cm ga ju iwájú lọ. A kó 30 àpò oúnjẹ adìyẹ sí i, 25 kg lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 750 kg. Ẹ̀yìn wálẹ̀ ní 7 cm. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ téjú fúnra rẹ̀! Tá a bá wá fi 5 cm kún iwájú, gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́rù ni yóò máa gbójú sókè bí ọkọ̀ ojú omi.

Ìkejì ni iná, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ṣètò iná díìmù wọn kó máa wálẹ̀ ní bíi 1 cm lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn lára Hilux yìí jẹ́ 308.5 cm. Ẹ pín 5 sí 308.5: iná á fi 1.6 cm gbéra lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ 1 cm tó ń wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, ó ku 0.6 cm tó ń lọ sókè. Tó bá fi máa rin 30 mítà, ó ti dé ibi tí ojú awakọ̀ Corolla wà. Òfìfo nìyẹn o. Ẹrù fúnra rẹ̀ tún máa ń gbé iná sókè. Ẹ ro ti ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú lóru, tí kò rí kòtò iwájú rẹ̀ mọ́.

Ìkẹta, ara irin ni. Ṣọ́ọ̀kì kì í jókòó sí etí táyà, àárín apá irin ìsàlẹ̀ ló wà. Ẹ di igi mú ní ìdí, kẹ́ ẹ ti àárín rẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé orí igi á rìn ní ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni sípésà 2.5 cm fi ń gbé iwájú ní bíi 5 cm. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì á wá máa ṣiṣẹ́ ní ìdagun tí wọn ò ṣe é fún, àláímẹ́ǹtì á yẹ̀, táyà á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mẹkáníìkì ní, "Kòtò ńkọ́? Ṣé o ò rí ọ̀nà wa ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bọ́ńpà iwájú kò ní tètè máa ha ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀ yìí ni ìkókó irin tó wà láàárín ákísù ẹ̀yìn, sípésà iwájú ò sì gbé ìyẹn sókè rárá.

Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe é o. Ẹni tí kì í kó ẹrù, tó kàn fẹ́ràn bó ṣe rí, lè ṣe é níwọ̀nba, tó bá ti máa ṣe àláímẹ́ǹtì tí yóò sì tún iná rẹ̀ darí sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tó bá sì jẹ́ pé sípíríǹgì tó ti gbó ló jẹ́ kí iwájú wálẹ̀, ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì, ẹ má fi sípésà bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi bi mí pé, "Ṣé ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?" Mo ní, "Ilé ìwé tẹ́ ẹ ń san owó ẹ̀ ni, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ sípíríǹgì àti búṣì iwájú wò ná.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ní irú ọkọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó sanwó sípésà, ẹ di ẹrù tẹ́ ẹ máa ń gbé sí i, kẹ́ ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́.