Oògùn Tí Ó Jẹ́ Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Òwe yìí ni àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ wa fi máa ń pa wá lẹ́nu mọ́ nígbàkígbà tí a bá ní kí á dán ewé àti egbò wò dáadáa kí á tó gbé e fún aláìsàn. Wọ́n ní àyẹ̀wò àwọn onísáyẹ́ǹsì, àbùkù ni fún àwọn baba ńlá ẹni. A gbọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó jẹ́, tí ewé rẹ̀ pé, tí ó sì tún ṣe ẹni tí ó lò ó léṣe ńkọ́? Òwe náà kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ṣáínà, nítorí àwọn náà ní àgbà, wọ́n sì ní ewé.

Ìtàkùn kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní lei gong teng, ìyẹn ìtàkùn òrìṣà àrá. (Ká ní àwa ni a sọ ọ́ lórúkọ, ìtàkùn Ṣàngó ni à bá máa pè é.) Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Tripterygium wilfordii. Ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀ àti èèpo gbòǹgbò rẹ̀, májèlé ni. Àwọn àgbẹ̀ ń fi í pa kòkòrò, ó sì ti pa èèyàn rí. Gbòǹgbò tí a bá ti bó èèpo rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń lò fún oríkèé tí ó wú tí ó sì ń roni, pàápàá oríṣi làkúrègbé tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń kọjú ìjà sí oríkèé ẹni fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá àgbà tí kò lè di ife omi mú ní òwúrọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Àwọn dókítà Ṣáínà kò dúró lórí pé àwọn baba wọn ti lò ó. Wọ́n fa èròjà inú gbòǹgbò náà yọ, wọ́n sọ ọ́ di oògùn oníhóró, wọ́n sì ń kọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn sílẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ yìí ni ó tú àṣírí. Àtọ̀ àwọn ọkùnrin tí ń lò ó ń di aláìlágbára tí kò lè sọ obìnrin di olóyún. Àwọn obìnrin mìíràn kò sì rí nǹkan oṣù wọn mọ́. Ní 1987, Qian Shao-Zhen tẹ ìwádìí jáde lórí ti àwọn ọkùnrin. Ẹ sọ fún wa, báwo ni oníṣègùn tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀ ì bá ṣe mọ̀? Ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti sàn kì í padà wá sọ pé ìyàwó òun kò lóyún. Bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò di ẹ̀bi náà ru ìtàkùn? Ìyàwó ni wọn yóò kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ìyá arúgbó inú ilé.

Ní 2009, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà fi ìtàkùn náà wé sulfasalazine lára aláìsàn 121 fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo ìtàkùn ni ara wọn fúyẹ́ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Ní apá kejì, kò pé ìdá 33. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ìdá 62 péré nínú àwọn onítàkùn ni ó lò ó dé òpin, ìdá 41 ní apá kejì. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń já kúrò lójú ọ̀nà báyìí, ọgbọ́n ni kí á fi ka iye náà.

Ní 2014 ni ti Ṣáínà tún jáde, aláìsàn 207, methotrexate ni wọ́n fi wé e. Wọ́n lo òṣùwọ̀n tí ó le ju ti ìṣáájú lọ: methotrexate nìkan mú ìdá 46.4, ìtàkùn nìkan mú 55.1, méjèèjì pọ̀ mú 76.8. Ṣùgbọ́n gbogbo aláìsàn ni ó mọ oògùn tí òun ń lò, ẹni tí ó bá sì ti mọ̀ lè sọ pé ara òun yá ju bí ó ti yá lọ. A kò ní torí pé èsì náà wù wá kí á fi èyí pamọ́.

Ṣé àbùkù ni gbogbo èyí fún àwọn àgbà Ṣáínà? Ní tiwa, àyẹ̀wò ni ó dá wọn láre pé gbòǹgbò náà ń ṣiṣẹ́. Òun kan náà ni ó sì kìlọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń retí ọmọ pé kí ó jìnnà sí i. Àgbo tí àwa náà ń gbé mì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ ìdánwò, ta ni ó ń kọ ohun tí ó ń ṣe lára wa sílẹ̀?

Wọn kò tíì fi ìtàkùn náà sílẹ̀ o. Ní 2021, àwọn oníwádìí kéde pé triptonide, ọ̀kan nínú èròjà inú rẹ̀, ń dá agbára ìbímọ akọ eku àti akọ ọ̀bọ dúró, àti pé nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ fífún wọn, agbára náà padà. Ìrora oríkèé ni wọ́n bá wọ inú igbó, ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin ni wọ́n ń bá bọ̀.