Ẹsẹ̀ Ta Ló Sá A?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ọmọ súkúù bá sá mítà 1,500, tí ẹnìkan ń sáré ṣíwájú rẹ̀ kó má baà dẹwọ́, ẹsẹ̀ ta ló sá eré náà? Ẹlòmíì á ní ìbéèrè ọmọdé nìyẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí àwọn àgbà kan fún wa ní agbègbè Ìtòrí ló jẹ́ kí n mú bírò.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní SS2 nígbà náà. Ẹ̀yin tó mọ Ìtòrí, ẹ mọ bó ṣe rí: tírélà sìmẹ́ńtì láti Ewékorò ń kọjá tọ̀sán tòru, eruku ń bà lórí ewé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ni ọmọ yìí ti ń sáré láàárọ̀ kùtù kó tó lọ súkúù, pẹ̀lú kánfáàsì tí àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ ti lu. Nígbà tí ìdíje àwọn súkúù agbègbè wa dé, kò sẹ́ni tó lè fún un ní eré. Tíṣà rẹ̀ wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan pé kó máa ṣíwájú rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn alábòójútó kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní rárá. Fèrè kan náà ni gbogbo wọn gbọ́, orí pápá koríko kan náà ni wọ́n ti gbéra, níbi ìlà tí wọ́n fi eérú fà. Ẹ̀gbọ́n yẹn ṣíwájú dé mítà 1,000, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò mi nìkan ló jẹ ìyókù tán. Aago ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 21.

Ìgbà tí wọ́n rí àkókò yẹn ni ẹnu wá là. "Àkókò yìí ò kà. Wọ́n bá a sá a ni." Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tó ń lọ Abẹ́òkúta. Ọmọ náà ò sunkún. Ó bọ́ kánfáàsì, ó gbé e kọ́ èjìká, ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí èmi ni mo sá a?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ "bá" yẹn gan-an ló ń dùn mí, torí Yorùbá ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Bí mo bá ní "bá mi gbé igbá yìí", ó lè jẹ́ pé kí o gbé e fún mi, kí n máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó sì lè jẹ́ pé kí á jọ gbé e. Ohun méjì ni. Àwọn alábòójútó mú ìtumọ̀ kejì, wọ́n fi ṣe ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣíwájú àbúrò mi ò sáré fún un, ó bá a sáré ni. Lóko, bí alágbára kan bá mú poro tirẹ̀ ṣíwájú, tí ojú ń ti àwa yòókù láti fà sẹ́yìn, ebè tí mo kọ ní poro tèmi, ta ni yóò kà á fún? Bí elégbè bá ń gbè fún apohùn, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sí i, ṣé a máa ń sọ pé ìjálá yẹn ò kà?

Èmi ò sọ pé gbogbo ìrànlọ́wọ́ ló dọ́gba o. Ìtàn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 1953, Roger Bannister sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 2 ní Motspur Park, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ìdíje àwọn ọmọ súkúù Surrey ni wọ́n fi eré náà há sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chris Brasher ń sọ́ra sáré gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, títí Bannister fi yí pápá ká bá a láti ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ló wá ta kánkán, tó ń ṣíwájú rẹ̀ lọ. Àwọn alákòóso eré níbẹ̀ kọ àkókò yẹn, mo sì gbè sẹ́yìn wọn. Ìyẹn kì í ṣe eré, ibùba ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1954, ní Oxford, Brasher àti Chris Chataway gbéra pẹ̀lú Bannister ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n pín iṣẹ́ ṣíṣíwájú láàárín ara wọn, Bannister sì fi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.4 parí. Wọ́n gbà á. Gbogbo ayé ṣì ń dárúkọ rẹ̀ dòní. Ta ló ń sọ pé Brasher ló sá a?

Ẹ wo Eliud Kipchoge ní Vienna, oṣù kẹwàá 2019. Ó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Àwọn aṣíwájú 41 ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, mọ́tò ń tan iná sílẹ̀ níwájú wọn, kò sì sí abánidíje kankan. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ayé. Ó tọ́. Nítorí náà, ibi tí ààlà wà ò ṣókùnkùn: ẹni tó bá gbéra nígbà tí gbogbo yín gbéra, tí ẹnikẹ́ni nínú eré lè sá tẹ̀lé, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá sá pamọ́ dè ọ́ lójú ọ̀nà, ìyẹn ló ń rẹ́ni jẹ.

Wọ́n á ní, "Ó ń gba afẹ́fẹ́ fún un." Òótọ́ ni. Àmọ́ abánidíje tó bá wà níwájú rẹ náà ń gba afẹ́fẹ́ fún ọ, kò sẹ́ni tó ń fagi lé e. Ní 2001, Alan Webb, ọmọ háìsukúù ní Amẹ́ríkà, bá Hicham El Guerrouj àti àwọn àgbà eléré sá máìlì ní Eugene. Ipò karùn-ún ló ṣe, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 53.43. Wọ́n kà á fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ háìsukúù, ó sì borí èyí tí Jim Ryun ti fi lélẹ̀ láti 1965. Àwọn àgbà fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀lé wọn.

Wọ́n á tún ní, "Ọmọ olówó nìkan ló máa rí aṣíwájú." Ọ̀rọ̀ yìí ló lágbára jù, mi ò ní fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn. Ẹnìkan wọ bàtà oníṣó láti òkè òkun, ẹnìkan wọ kánfáàsì tó lu, ẹnìkan ò wọ nǹkan kan. Ṣé ẹ fagi lé àkókò oníbàtà? Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń sáré kún ìgbèríko wa, omi tútù ló ń gbà, kò gba kọ́bọ̀. Kí ìdíje fúnra rẹ̀ pèsè ẹnìkan fún gbogbo eré, kí ẹni tó bá lè tẹ̀lé e tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ olówó parí nìyẹn.

Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ sàmì sí i. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ogun tiwa, sá mítà 100 olódèna ní ìṣẹ́jú àáyá 12.06 ní àṣekágbá Eugene ní 2022. Afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn jẹ́ mítà 2.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 2.0 ni òfin gbà. Wọn ò kà á sí àkọsílẹ̀ ayé. Èyí tó sá ní ìpele tó ṣáájú, 12.12, ni wọ́n kà. Síbẹ̀ wọn ò gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì pa 12.06 rẹ́. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n fi àmì afẹ́fẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ tó ń ti èèyàn lẹ́yìn rí ààyè nínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n tó kàn ń sáré níwájú ni kò rí?

Ohun tí mo ń bèèrè ò pọ̀. Ẹ sọ òfin yín kí fèrè tó dún, ẹ má dúró dìgbà tí aago bá kọ ohun tó yà yín lẹ́nu. Ẹ fi ipò àti àmì ẹ̀yẹ fún àwọn abánidíje nìkan. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ kọ "aṣíwájú wà níbẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ń yan ọmọ fún Abẹ́òkúta kà á, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn àgbà ló ń pa òwe yìí fún wa. Ọjọ́ tí ọmọdé bá wá rí àgbà tó ràn án lọ́wọ́, ṣé ó yẹ kí àwọn àgbà yòókù ní ohun tó mú lórí pẹpẹ kì í ṣe tirẹ̀?

Àbúrò mi ṣì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn láàárọ̀. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e bí mo bá wálé. Ẹ̀yìn ni mo máa ń wà o, kí wọ́n má baà ní èmi ni mo sá a.