Ẹ̀yin Onílé, Ẹrù Ayálégbé Kì í Ṣe Ìkógun



Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ìwà kan ti gbilẹ̀ nínú àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ń gbé pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn tí kò yẹ kí á dákẹ́ lé lórí. Bí ayálégbé bá gbé sítóòfù tàbí kóróbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, onílé a kó o jù sínú òjò, tàbí kí ó tà á. Òmíràn nínú wọn ti lọ sí Mẹ́kà, ìlà àkọ́kọ́ ni ó sì ń dúró sí nídìí ìrun!

Wọn a ní àwọn ni àwọn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ni ohun tí ó wà níbẹ̀. Sūratun-Nisāi, āyah 29, ṣe é ní èèwọ̀ fún onígbàgbọ́ láti jẹ dúkìá ẹnìkejì rẹ̀ lọ́nà èrú.

Àwọn kan ní ohun tí a fi sílẹ̀ lọ́nà di ohun tí a he. Irọ́ ni. Ohun tí a he pàápàá, ọdún kan gbáko ni Ànábì ní kí á fi kéde rẹ̀. Báwo wá ni ẹrù ẹni tí ẹ mọ orúkọ àti yàrá rẹ̀ ṣe di ìkógun láàárín òru kan?

A kò sọ pé kí ayálégbé máa dí ọ̀nà. Mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́, ẹni tí ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ dí ẹnu ọ̀nà ń fi ẹ̀mí àwọn ará ilé wewu. Ṣùgbọ́n mímú ìnira kúrò yàtọ̀ sí olè jíjà. Kí onílé kìlọ̀, kí ó dá ọjọ́. Bí ayálégbé kò bá gbọ́, kí ó pe ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n ka ẹrù náà, kí ó sì gbé e sí ibi tí òjò kò ti ní pa á. Amáànà ni ó di lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ owó ilé ni ó ń bínú sí, Sūratul-Baqarah, āyah 280, ní kí á lọ́ra fún onígbèsè tí ara ń ni. Ẹni tí kò bá lè ṣe sùúrù, kí ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ fífi ipá lé ayálégbé jáde láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n.

Alhaji, owó kóróbà kò tó nǹkan láyé, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Àjíǹde, iṣẹ́ rere yín ni a ó fi san án. Ẹ dá ẹrù olẹ́rù padà. Ẹ̀yin Imāmu, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ nítorí owó tí wọ́n ń ná sí mọ́sálásí.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Āmīn.