“A dúpẹ́” tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ sójà

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fáìlì ìjọba kì í ṣe ọmọlúàbí o! Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ sínú rẹ̀, àbọ̀ ni yóò wà títí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má sọ pé kí ló kàn yín níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ sójà lọ́hùn-ún. Kódà, nínú ètò kan tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2016, wọ́n gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti bọ́ aṣọ sójà sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìpalára bọ̀ láti ibẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà ni pé sójà tó bá gba ìpalára tàbí àìsàn lẹ́nu iṣẹ́ lè gba owó gbà-má-bìínú loṣooṣù lẹ́yìn tó bá kúrò níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o ni Department of Veterans Affairs, tí wọ́n ń pè ní VA. Fọ́ọ̀mù 21-526EZ ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ ìyá kan tó ń ta léèsì ní Gbági, n'Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ yìí já bọ́ látorí ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tó wà nínú iṣẹ́ sójà, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì yẹ̀. Ó wà nínú ìwé ọsibítù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ gba owó, kí ló kọ? Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kọ lẹ́tà tì í lẹ́yìn, ìyẹn ní ẹsẹ̀ òsì ni. Ọjọ́ tí wọ́n pè é fún àyẹ̀wò, dókítà bi í pé báwo lara. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ara le, a dúpẹ́.”

Dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin yìí ní ara òun le! Ìgbà tí èsì dé, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀.

Ìyá gbọ́ lórí fóònù, ó káwọ́ lérí. “Ayé ló ń ṣe ọ́, ọkọ mi.” Ayé kọ́, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ló ṣe é.

Ẹ wò ó dáadáa. Lédè wa, láti itan títí dé ọmọ ìka, ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá rí i bó ṣe ń tiro á mọ ibi tó ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti fáìlì ò rí i rí. Ìwé nìkan ló ń rí. Tí ìwé kan bá ní orúnkún ọ̀tún, tí òmíràn ní ẹsẹ̀, tí ẹ̀kẹta ní òsì, lójú tirẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ta ló sì ń bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Orúkọ tí ọsibítù bá ti pe ibi tó ń dùn ni kí gbogbo ìwé yòókù máa pè é.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun mẹ́ta ni VA náà ń wá. Àkọ́kọ́, àìsàn náà gbọ́dọ̀ wà lára sójà náà báyìí. Ìkejì, ohun kan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ìkẹta, ó gbọ́dọ̀ hàn pé ti ìkejì ló fa ti àkọ́kọ́.

Ìkẹta yìí ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. Dókítà lè fẹ́ ṣàánú, kó kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ sójà ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lágbára. Kí ni ò ṣeé ṣe láyé? Gbólóhùn tí VA mọ̀ ni “at least as likely as not”. Ìyẹn ni pé, tí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ dọ́gba, ó kéré tán. Òfin wọn sì ni pé tí òṣùwọ̀n bá dọ́gba, ti sójà ni kó tẹ̀ sí. Kì í ṣe ọfọ̀ o. Dókítà gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi rí i bẹ́ẹ̀, kó sì ti ka ìwé ọsibítù àtijọ́.

“A dúpẹ́” ńkọ́? Àwa kì í fẹ́ pe àìsàn mọ́ ara wa. Ìkíni ni “ara le”, kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Níwájú dókítà, kí ọmọ náà sọ bó ṣe rí gan-an: ìgbà mélòó lọ́sẹ̀ ni orúnkún ń wú, ìrìn tó mọ níwọ̀n wo ló ń rìn kó tó jókòó, ṣé ó ṣì lè gun àtẹ̀gùn, iṣẹ́ wo ni kò lè ṣe mọ́. Kó má fi iyọ̀ sí i o. Ẹni tó bá parọ́ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, ẹjọ́ ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà wà níbẹ̀. Tí òṣùwọ̀n ìpalára bá ti tó 30 nínú 100, wọ́n máa ń fowó kún un nítorí ìyàwó àti ọmọ, àti nítorí òbí tí sójà ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, bí owó tó ń wọlé fún òbí ọ̀hún ò bá ju iye tí òfin fàyè gbà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ọmọ ẹni ni. Lọ́dọ̀ wọn, bí kò bá ti jẹ́ ọmọ bíbí inú, ọmọ tí kóòtù fọwọ́ sí pé a gbà tọ́, tàbí ọmọ tí ọkọ tàbí ìyàwó ti bí ká tó fẹ́ra, wọn ò kà á sí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Eléléèsì, tí ìwé ìbí ọmọ pè ní orúkọ kan, tí ìwé báńkì pè ní òmíràn, kó tètè lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni.

Sójà tí wọ́n bá já kulẹ̀ kó má sọ̀rètí nù. Ọdún kan ló ní láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé èsì láti sọ pé kí wọ́n tún un wò. Tó bá ní ẹ̀rí tuntun, fọ́ọ̀mù 20-0995 ni kó gbà. Ẹni tí ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, tí ìwé ò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù 21-0966 ránṣẹ́. Ìyẹn á bá a di ọjọ́ mú fún ọdún kan. Ẹni tó bá ní kó mú owó wá kí òun tó bá a kọ ìwé àkọ́kọ́, kó sá fún un, òfin ò gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ bíi American Legion àti Disabled American Veterans ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ìyá ọlọ́jà tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó pè é lálẹ́ òní. Tó bá bi í pé ṣé ara le, tọ́mọ sì dáhùn pé “A dúpẹ́, Màámi”, kó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà kó wá sọ fún un pé: “Èmi ni kó o sọ ìyẹn fún, ọkọ mi. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ibi tó ń dùn ẹ́ gan-an ni kó o sọ.”