OWÓ ÌTẸ̀JÁDE ÌWÉ ÌMỌ̀: Ẹ JẸ́ KÍ ÀWỌN YUNIFÁSÍTÌ WA JÙMỌ̀ SAN ÁN

Ọ̀ràn kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìkòyí, Àpòmù àti Ìkirè rò pé kò kàn wá, nítorí pé àárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni a ti ń sọ ọ́. Ọ̀ràn náà ni owó tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń san kí a tó tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde. Ó kàn wá gidigidi. Ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, wà ní Ìkirè, nítòsí wa níhìn-ín. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ni ní èdè, ìtàn àti àṣà. Bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò bá rí ọ̀nà tẹ ohun tí wọ́n wádìí jáde, ìtàn tiwa ni yóò wà ní ipò àìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ni ó ń san owó rẹ̀. Yunifásítì tí kò lówó kò lè rí i kà. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti pàdé ní ìlú Budapest kéde pé ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé gbé ìnáwó náà kúrò lọ́rùn ẹni tí ń kà, wọ́n sì gbé e ka ẹni tí ó kọ ọ́ lórí. Ní ọdún 2021, ìwé Nature bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè 9,500 yúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé. Àwọn mìíràn ń gba 2,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 2,000 dọ́là di 3,000,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù 42 lọ kí ó tó kó iye náà jọ. Òótọ́ ni pé àwọn òǹtẹ̀wé kan a máa dín owó kù fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ṣùgbọ́n òfin wọn kò dọ́gba, ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Kí ni olùkọ́ tiwa ń ṣe nígbà náà? Òmíràn a yá owó. Òmíràn a kó iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń pe ara wọn ní òǹtẹ̀wé, tí wọn kì í béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí a kọ. Òmíràn a sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí títí eku yóò fi jẹ ẹ́.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe ohun kékeré. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ìwé náà dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, ọdún 1921 ni a sì tó tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé yìí ni a ti kà nípa ọjà Àpòmù, àti bí ìjínigbé tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti di ogun Òwu. Bí kò bá sí àbúrò náà ńkọ́?

Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ kòkó mọ oògùn àrùn yìí. Nígbà tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá kòkó rẹ̀ gbé lọ bá alágbàtà, alágbàtà ni ó ń sọ iye, òun náà ni ó sì ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èyí tí ìjọba ṣe òfin fún ní ọdún 1935, wọ́n rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gánà, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó dìmọ̀ pọ̀ ní ọdún 1937 lórí iye tí wọn yóò ra kòkó, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọba wọn kọ̀, wọn kò tà á títí di ọdún 1938, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀ràn náà.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn ń tọ ọ̀nà yìí lórí ọ̀ràn ìwé. Ní Bìrìtéènì, àjọ Jisc ni ó ń bá àwọn òǹtẹ̀wé dúnàádúrà fún àwọn yunifásítì. Ní Jámánì, àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí tí ó tó 700 jùmọ̀ bá ilé-iṣẹ́ Wiley ṣe àdéhùn ní ọdún 2019, ní 2,750 yúrò lórí àpilẹ̀kọ kan. Nígbà tí Elsevier kò gbà fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kí àdéhùn wọn pẹ̀lú rẹ̀ parí, wọ́n sì fara da a títí ó fi gbà ní ọdún 2023.

Kì í ṣe ohun tí ó ju agbára wa lọ. Ní ọdún 2023 kan náà, TETFund gbé TERAS kalẹ̀, níbi tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Nàìjíríà ti ń jùmọ̀ rí ìwé kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ti ń jùmọ̀ kà. Jíjùmọ̀ tẹ ìwé jáde ni ó kù. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù sì ní àjọ DAWN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, tí ó wà ní Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, ilé tí owó kòkó àwọn baba wa kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì kan wà lábẹ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Èkíní, kí ó fi ohùn kan ṣoṣo bá àwọn òǹtẹ̀wé dúnàádúrà, kí ó sì máa béèrè ẹ̀dínwó tí ó tọ́ sí wa. Èkejì, kí ó yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò, kí kọ́bọ̀ kan má ṣe bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìwé àtìgbàdégbà tiwa, tí kì í gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí òǹkàwé, pàápàá èyí tí a bá fi èdè Yorùbá kọ.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ẹ rántí Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́.” Òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ín, àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò sanwó sì mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílé fún oṣù púpọ̀, kí ó tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan ní ọdún 2020. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ni a ń kọ àdéhùn sílẹ̀. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan san ìpín tirẹ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí iye olùkọ́ rẹ̀. Kí a máa tẹ ìṣirò owó náà jáde fún gbogbo ènìyàn. Èyí tí kò bá dá owó, kí ó má kó, kí iṣẹ́ àwọn tí ó kù sì máa lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Yunifásítì ńlá àti kékeré nílò ara wọn.

Ìsọ̀kan ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòyí àti Àpòmù wà nínú rẹ̀. Kí orúkọ náà má ṣe jẹ́ ti ẹnu lásán. A bẹ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa pé, nígbà tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú gómìnà àti àwọn aláṣẹ yunifásítì, ẹ bi wọ́n léèrè pé: èló ni àwọn olùkọ́ wa ná lórí ìtẹ̀jáde ní ọdún tí ó kọjá, ta ni ó gbà á, ta sì ni ó bá wọn ná an? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn, a jẹ́ pé àkókò tó láti dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀.