Ẹni tí ń ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá dàrú, ìlú ò lè tòrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó ku oṣù kan kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n ṣe libération rẹ̀, ìyá rẹ̀ kó èésú. Ó ní òun fẹ́ ra surfileuse fún un, ẹ̀rọ tí àwọn aránṣọ fi ń dí etí aṣọ kó má baà tú. Ọmọ náà rí àwòrán ẹ̀rọ kan lórí WhatsApp. Ó ń dán, wọ́n kọ 85 000 CFA sí i lára. Ẹni tó gbé àwòrán náà síta kì í ṣe àlejò. Ọmọ àdúgbò wa ni, a mọ bàbá rẹ̀. Wọ́n fi gbogbo owó ránṣẹ́ sí i lórí tẹlifóònù. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù kan. Ọjọ́ libération kò, ẹ̀rọ kò tíì dé. Ìyá ọmọ wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú, mo ní kí wọ́n pe ọmọkùnrin náà wá. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀. Mo bi í pé, "Níbo ni ẹ̀rọ náà wà?" Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò sí lọ́wọ́ mi." Mo ní, "Níbo ló wà lọ́jọ́ tí o gbowó?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kò fìgbà kankan sí lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Kútọnu ni mo ti rí àwòrán rẹ̀. 65 000 ló ń tà á. Nígbà tí mo máa sanwó fún un, ó ní èyí tó wà ńlẹ̀ ti tán, kí n dúró de òmíràn."

A tẹ ẹni Kútọnu láago. Òun náà kò ní ẹ̀rọ kankan nílé. Ó ń dúró de ẹlòmíràn tó ń kó o bọ̀ láti Ṣáínà. Ẹ wò ó: ènìyàn mẹ́ta ló ti ta ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì fi ọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé. Kì í ṣe irú èyí tó wà nínú àwòrán. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́tò inú rẹ̀ jóná. Ta ló máa tún un ṣe? Ọmọ àdúgbò ní ẹni Kútọnu ni, ẹni Kútọnu ní ẹni Ṣáínà ni. Ẹni Ṣáínà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ ẹni tí à ń pè ní ọmọ àbúrò mi.

Òwò yìí ní orúkọ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, dropshipping ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe rí nìyí: o máa gbé àwòrán ọjà ẹlòmíràn síta, o máa fi èrè tìrẹ lé e. Bí ẹnì kan bá sanwó, nínú owó yẹn gan-an lo ti máa ra ọjà náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, onítọ̀hún á sì fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé oníbàárà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí owó ìdókòwò, kò sí ẹrù lórí. Ilé-iṣẹ́ Alibaba ti Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, àti ọjà AliExpress tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010, wà lára ohun tó jẹ́ kó gbilẹ̀ káàkiri ayé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò tilẹ̀ dé Ṣáínà. Wọ́n á ya àwòrán ọjà ẹni tó wà ní Dantokpa, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi tiwọn sí i.

Ṣé olè ni wọ́n? Rárá o. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá mọ alárọ́bọ̀ tipẹ́. Ìyá mi gan-an ṣe àjàpá. Kò ní oko, ṣùgbọ́n ó ń ta àgbàdo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ, ṣùgbọ́n ó ń ta aṣọ. Bàràǹdà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó rìn jìnnà láti mú ọjà wá sún mọ́ mi, èrè ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ. Ní Lómè, àwọn ìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Nana Benz kò tẹ aṣọ wax fúnra wọn. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó, àwọn oníṣòwò láti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Tógò ká sì ń wá rà á lọ́wọ́ wọn, títí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ Mercedes-Benz tó sọ wọ́n lórúkọ. Ta ló lè pe àwọn yẹn ní ọ̀lẹ?

Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n ń tún ọjà tà ni mo ń bá jà. Ohun mẹ́ta ló yàtọ̀, àwọn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Èkíní, alárọ́bọ̀ àtijọ́ máa ń gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀. O máa fọwọ́ kan ọjà, o máa gbóòórùn rẹ̀, o máa ná an. Bí o bá bi í pé níbo ló ti rà á, á ní Pobè ni, tàbí Igolo. Ti ìsinsìnyí, àwòrán lo rí, àwòrán náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó ń bò ó mọ́lẹ̀ pé ọjà kò sí lọ́wọ́ òun, nítorí ó ń bẹ̀rù pé o máa lọ bá ẹni tó ni ín.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ta ló ń ru ẹrù. Àwọn tó dàgbà láàárín wa ti gbọ́ ìtàn àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómààló. Wọ́n á gbé aṣọ lọ sí abúlé, wọ́n á fún ènìyàn láwìn, wọ́n á tún padà wá lóṣó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi gba owó wọn. Oníṣòwò ló ń bẹ̀rù nígbà náà, nítorí ọjà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Lónìí, ó ti yí padà. Oníbàárà ló ti kó owó sílẹ̀, oníbàárà ló wá ń lóṣó. Ẹni tó ní owó tí kò tó nǹkan, òun ló ń dókòwò fún ẹni tí kò ní owó rárá, kò sì mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ní Faransé àti ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin fún ẹni tó ra ọjà láti ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ oníṣòwò ibẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti dá a padà, láì sọ ìdí, yàtọ̀ sí àwọn ọjà mélòó kan. Ẹni tó bá fi káàdì báǹkì sanwó tún lè ké sí báǹkì rẹ̀. Àwọn ọmọ wa rí òwò náà níbẹ̀, wọ́n gbé e wálé, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé odi tí wọ́n mọ yí i ká. Lọ́dọ̀ wa, owó tí o bá ti fi ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù sí ẹni tó purọ́ fún ọ, títí o fi máa rí i gbà padà, irun á ti funfun.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọmọ tó ń tajà yìí náà wà nínú pàkúté. Ó ti kéde 85 000, ẹni tó ni ọjà sọ ọ́ di 80 000 lójijì. Tàbí ọjà tán. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ebi ń pa á, ó ná díẹ̀ níbẹ̀. Oníbàárà kejì sanwó, ó mú u ra ọjà fún ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta sanwó, ó mú u dí ihò ti ẹnì kejì. Kò ní i lọ́kàn láti jalè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníbàárà kò bá wá mọ́, olè ni wọ́n máa pè é, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ló sì máa bàjẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn kan máa ní, "Ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀, kò síṣẹ́ nílùú." Òótọ́ ni, kò síṣẹ́. Ìdí nìyẹn gan-an tí mi ò fi ní ká fòfin dè é. Òfin wà ńlẹ̀ ná. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ààbò oníbàárà, nọ́ńbà 2007-21, ti wà láti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007. Òfin tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní apá kan fún òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí oníbàárà mọ ẹni tó ń tajà fún un àti ibi tó ti lè rí i. Lábẹ́ òfin OHADA tó so Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pọ̀, oníṣòwò kékeré lè kéde ara rẹ̀ ní entreprenant láti ìgbà tí wọ́n ti ṣàtúnṣe rẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún 2010. Ìkéde lásán ni, kò le tó ti oníṣòwò ńlá. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe iṣẹ́ ìwé fún ìjọba, mo mọ ohun kan: ohun tí kò sí nínú ìwé, níwájú adájọ́, kò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló máa gbé ọ̀rọ̀ 85 000 lọ sí ilé ẹjọ́? Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ tó máa ṣòfò á ju owó náà lọ. Iwájú baálé ló máa parí sí. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wa ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tajà, ẹ sọ òótọ́ lákọ̀ọ́kọ́: "Kò sí lọ́wọ́ mi, mo máa gbà á wá fún yín, ó máa tó ọ̀sẹ̀ báyìí, èrè mi wà lórí rẹ̀." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ni ọjà léèrè kí ẹ tó gba owó, ẹ má ṣe bi í lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má gba gbogbo owó. Ẹ gba ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ gba ìyókù nígbà tí ọjà bá dé tí wọ́n ti tàn án wò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, kí ẹ fọwọ́ sí i. Owó oníbàárà tí kò tíì gba ọjà, owó ẹlòmíràn ni, ẹ má fi jẹun.

Ẹ̀yin oníbàárà, àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Bí a bá rí ọjà tó pọ́n lójú ju ti ọjà Ouando lọ, ojú wa á fọ́, a ò ní bi ìbéèrè kankan. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ ní kí òǹtajà fi fídíò ọjà náà ránṣẹ́, kó dárúkọ yín nínú rẹ̀, kó sọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Ẹni tó bá ní ọjà lọ́wọ́ kò ní bínú sí èyí.

Ẹ̀yin ọba wa àti ẹ̀yin ìjòyè, mo fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ̀ yín. Àwọn ìyálọ́jà ní ìjókòó tiwọn nínú ọjà tí a fojú rí. Ọjà inú tẹlifóònù kò ní ìyálọ́jà, kò sì ní baálé. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣí ìwé kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó bá ń tajà lọ́nà yìí wá kọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ẹni tó dúró fún un sínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá wà nínú ìwé, ẹgbẹ́ á lè sọ pé, "A mọ̀ ọ́n." Èyí nìkan á tó o ní oníbàárà ju ìpolówó lọ. Bí ìjà bá sì dé, kí ìyálọ́jà kan, ìjòyè kan àti ọ̀dọ́ kan tó mọ òwò náà jókòó lé e. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀rọ̀ ti ọmọ àbúrò mi, níwájú baálé ló parí sí. Ọmọkùnrin náà gbà láti máa dá 5 000 padà lóṣooṣù, bàbá rẹ̀ sì dúró fún un. Kò tíì yẹ̀ ẹ́ títí di òní, mo yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ṣì ń gbé aṣọ àwọn ènìyàn lọ sí ilé ẹlòmíràn láti dí etí rẹ̀, ó sì ń sanwó fún un lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Bàbá, ká ní ó sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí lọ́wọ́ òun, mi ò bá ti dúró dè é. Mi ò bá ti mọ ohun tí mo ń ṣe."

Gbogbo ohun tí à ń béèrè náà nìyẹn. Kí wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.