Kí ojú òkè ṣọ́ yàrà Kétu

Gbogbo ará Kétu mọ ẹnubodè Akaba Ìdènà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró nílẹ̀ kò lè rí yàrà àti ògiri àtijọ́ ìlú náà tán lẹ́ẹ̀kan. Dróònù kékeré tí kò tó gíráàmù 250 lè rí i. Yóò dúró lójú kan lókè, yóò máa yí díẹ̀díẹ̀, yóò sì ya fọ́tò púpọ̀ tí etí wọn wọ ara wọn. Kọ̀ǹpútà yóò so wọ́n pọ̀ di àwòrán gbọọrọ kan. Bí ilé titun bá ń jẹ yàrà, àwòrán ọdọọdún yóò tú u fó.

Ṣùgbọ́n ojú tí ó rí yàrà rí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú: kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ ìjọba àti ti onílé. Ohun tí ogun Dàǹhọ̀mẹ̀ kò lè parẹ́ ní 1886, kí àìbìkítà má pa á rẹ́.